Aago Faransé Tó Ń Mú Màmá Wólẹ̀

Dèjì,

Aago Faransé onídẹ tí wọ́n fi wúrà bò, tí o rà ní ọjà Barking ní Lọ́ńdọ̀nù, kò mọ àkókò. Ní aago méje àárọ̀ yìí, ó dún lẹ́ẹ̀mejìlá. Màmá rẹ ń gbàdúrà lọ́wọ́, wọ́n ṣe bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni: wọ́n wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá.

Mo ní, "Màmá, aago lásán ni."

"Ìyàwó, ṣé o ò rí áńgẹ́lì orí ẹ̀ ni?"

Áńgẹ́lì oníhòòhò tó gbé ọfà!

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ dí i nínú. Ni wọ́n bá ní ọ̀run ti dákẹ́, àwọn ò ní jẹun títí yóò fi dún. Mọ́ínmọ́ín mi kò gbọdọ̀ ṣòfò. Tí o bá dé, yọ ìbọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún wọn. Mi ò mọ iye ìgbà tí yóò dún.

Tiwaladé