Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì 2025
Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Mi ò fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Mojúbàolú ọmọ mi pè láti Ẹ̀pẹ́ – Màámi, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ má dá sí i. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ilé mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, níbí ní Láṣùnwọ̀n. Kabir Ẹnu-Oyin, ayálégbé yàrá ẹ̀yìn, tún lu Waliyah ìyàwó ẹ̀ lónìí. Ọmọ tí kì í lọ ra ẹja ní Ìpakodò láìkúnlẹ̀ kí mi!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Júláì
Ẹnu-Oyin ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó ẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́. "Omi, Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Mo ti píọ̀-wọ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo pe Lukman káfíńtà kó wá já a. Ó ní òun ò lè já ilẹ̀kùn lórí ìyàwó oníyàwó. Ojo.

Ọjọ́rú, 16 Júláì
Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Méjì tẹ̀ lé mi wálé. Ẹnu-Oyin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi – ìránù! – ó ní ìyàwó òun ń sùn ni. Wọ́n ní àwọn ò lè wọlé láìní ìwé kóòtù. Mo ní onílé rèé, mo yọ̀ǹda, ẹ wọlé. Èyí kékeré inú wọn bú sẹ́rìn-ín: Màmá, ẹ ti gbowó yàrá, ti ẹ̀ ni báyìí. Wọ́n lọ.
Wọn ò tíì dé títì tí mo gbọ́ ìró ìgbátí. Mo gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi wú.

Ọjọ́bọ̀, 17 Júláì
Ẹnu-Oyin ti jáde. Mo pe Waliyah, pe, pe. Kò dáhùn. Píọ̀-wọ́tà tí mo tì wọlé láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ – mo ń rí etí ọ̀rá náà.
Tìmílẹ́hìn, lọ́yà òdìkejì títì, ní bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ọlọ́pàá kì í dúró de ìwé. Irọ́ ni wọ́n pa fún mi!
Mo padà lọ sí àgọ́, mo ní ọ̀gá wọn ni mo fẹ́ rí. Ta ni mo rí lórí àga ọ̀gá? Adéòjó! Ọmọ ìlú Àgbọ̀wà, àpá iná ìgbà ọmọdé ṣì wà lágbọ̀n ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí bàbá ẹ̀ fi àdá lé wọn dé ọ̀ọ̀dẹ̀ mi. Mo fà wọ́n wọlé. Mo tú ìró mi, mo tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ọkùnrin náà dá a kọjá tó bá tó bẹ́ẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀.
Mi ò béèrè ìwé kóòtù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.
Orí bẹ́ǹṣì wọn ni mo ti ń kọ èyí. Adéòjó ní, Màmá, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlànà. Fara balẹ̀ kẹ̀! Mo sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ síbí: Adéòjó, o jẹ mí ní gbèsè ilẹ̀kùn kan. Dìde, lọ san án.