Díìsì Tí Wọ́n Fọ̀ Mọ́ Ẹrù Ìyá Àgbà

                                        Agbo-ilé Ògúnbọ̀dé,
                                        Èsìẹ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1990.

Ọlábọ̀wálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé Èkó le, pé ẹni tó bá jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ti ń dúpẹ́. Ọwọ́ kò dẹ̀ níhìn-ín náà, ṣùgbọ́n iṣu oko kò tíì kọ̀ wá.

O ní kí n kọ àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà tí mò ń lò ránṣẹ́, kí o lè fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

O mọ̀ pé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti lọ. Kó tó lọ, ó ka oríkì ilé wa fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o fún mi. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n tán nínú agbo-ilé wa. Kí ẹ̀rù ẹ̀rọ má bàa bà á, mo kọ ìlà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń kí i:

10 INPUT "TA NI YEN", A$
20 PRINT "E KU ILE, ", A$

Màá bá a tẹ orúkọ rẹ̀, Àbẹ̀ní, ẹ̀rọ á kí i, Ìyá Àgbà á sì dáhùn pé, "Oò, káàbọ̀ ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" A máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí a parí, oríkì náà wà lórí díìsì kan, pẹlẹbẹ rírọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí; mo fẹ́ dà á kọ sórí díìsì kejì. Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ẹni kì í gbé ojúlé méjì. Ó gba díìsì náà, ó fi ìró rẹ̀ wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀. Ta ni èmi tí màá bá àgbà jiyàn? Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yìí kì í fi nǹkan kan pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ohun tó bá wà lórí díìsì nìkan la ní.

O mọ àṣà wa: bí àgbà bá kú, àwọn obìnrin ilé á kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn kí wọ́n tó pín in. Ọ̀mù-Àrán ni mo wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé, Àǹtí Fulera, àbúrò bàbá mi, ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ díìsì náà, ó ti sá a sórí àpáta. Oòrùn ti ká a kò, oríkì inú rẹ̀ sì ti parẹ́. "Ohun tí ìyá mi fi aṣọ wé, mi ò lè jẹ́ kó dọ̀tí," ló wí, inú rẹ̀ sì ń dùn. Mo ní ó ṣeun. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àjíǹde ni ìnáwó ìsìnkú, àwọn ará Èkó ń bọ̀ wálé. Àǹtí Fulera ti ń sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, oríkì tí ìyá òun kà wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn àṣẹ rẹ nìyí. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ bá ti parí ohunkóhun, kí wọ́n tẹ èyí, tí yóò da gbogbo ohun tó wà lórí díìsì kìíní kọ sórí èkejì:

COPY A:*.* B:

Kí wọ́n gbé ẹ̀dà kejì lọ sí ilé ẹlòmíì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí i wò kí wọ́n tó gbàgbọ́ pé ó wà. Bí àgbà bá ní rárá, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má dìde títí yóò fi gbà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá rẹ. Má sọ̀rọ̀ yìí létí ará ilé wa kankan, kó má bàa dé etí Àǹtí Fulera.

Iná ọba dé lánàá, mo tún ìlà méjì yẹn tẹ̀. Orí ni mo ti rántí wọn. Kọ̀ǹpútà béèrè pé ta ni yẹn. Mo jókòó síwájú rẹ̀, n kò lè tẹ nǹkan kan. Ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ títí iná fi lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́,

Ignatius Ògúnbọ̀dé