Kílò Méjì Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Adúmáradán mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá ibi jókòó sí, nítorí ó gùn, èmi náà sì nìyí lórí àga tí mò ń kọ ọ́, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, èkejì wà lórí àpótí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ọ̀gá rẹ ti dẹ́kun ìkanra? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe lóore, wọn kò ní fo tìrẹ. Àmín. Bàbá rẹ náà ti ṣe àmín láti inú yàrá, ẹnu rẹ̀ ló kún tí mi ò fi gbọ́ ọ dáadáa.

Ní ti bàbá rẹ, ara rẹ̀ le, ó tilẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí dókítà eegun ní kí n jò, bàbá rẹ búra pé òun yóò bá mi dín oúnjẹ kù, pé ohun tó bá kan aya ló kan ọkọ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó ti rántí pé ìbúra náà kò kan oúnjẹ alẹ́. Báyìí, èyí tí mo bá fi sílẹ̀ nínú àwo mi, òun ló ń jẹ ẹ́, ó ní a kì í da oúnjẹ nù. Ọmọ mi, gbogbo kílò tí mo sọ nù yìí, kò bọ́ sójú ọ̀nà o, ara bàbá rẹ ló wà. Ṣòkòtò rẹ̀ mẹ́ta ni mo ti tú fẹ̀ lóṣù yìí.

O rántí pé orúnkún mi ọ̀tún ló bàjẹ́, èyí tí mo fi ń wa máṣínì ìránṣọ. Orúnkún yẹn ló sanwó ilé ìwé rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà eegun tó ń wá sí ilé ìwòsàn wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní òun yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ọ̀bẹ kàn án àfi bí mo bá dé kílò ọgọ́rin, nítorí kò yẹ kí ẹrù wúwo kọ́kọ́ pàdé orúnkún tuntun. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo wọ̀n nígbà náà. Mo fi ṣúgà sílẹ̀, mo fi búrẹ́dì òwúrọ̀ sílẹ̀, mo jò títí alápatà fi pe bàbá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bi í bóyá ìjà la ń jà nílé. Ó wá ku kílò méjì péré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwọ̀n ilé ìwòsàn fi ń sọ ohun kan náà: méjìlélọ́gọ́rin. Téèpù mi ní ìbàdí mi ń dín kù, ìwọ̀n ní irọ́ ni. Ó wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Téèpù yìí ni mo fi ń wọn ènìyàn láti ọgbọ̀n ọdún, kò parọ́ fún mi rí, nítorí náà mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìwọ̀n ni ẹjọ́ wà. Mo wá ṣàkíyèsí pé alápatà ló máa ń gùn ún ṣáájú mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, o sì mọ bí alápatà ṣe tóbi tó. Mo rò ó títí, mo rí i pé bó bá sọ̀kalẹ̀, kì í kó ara rẹ̀ tán, díẹ̀ ní láti máa ṣẹ́kù sínú irin náà. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jẹ́ kí ìwọ̀n sinmi díẹ̀ kí n tó gùn ún. Ó gbà, ọmọ gidi ni, èmi ni mo rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ìwọ̀n sinmi tán, ó tún ní méjìlélọ́gọ́rin.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fóònù fún ọ. O ní fóònù tí o fi ránṣẹ́ ń ka ìṣísẹ̀, pé kí n máa kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá jọ lójúmọ́, pé ìwọ náà yóò máa rí i lọ́hùn-ún. Orúnkún mi kò lè kó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Mo wá rò ó pé fóònù lo fẹ́ kó rìn, o ò dárúkọ ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbé e fún akólẹ́tà láràárọ̀, ó ń jù ú sínú àpò rẹ̀, ó ń dá a padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ó wá jókòó, n ó máa retí kí n jò. Ìgbà tí o pè lálẹ́ ọjọ́ kan tí ò ń yìn mí, tí o ní àwọn ará ọ́fíìsì rẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ojú tì mí, àmọ́ mi ò fẹ́ ba inú rẹ jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé akólẹ́tà ti rù. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé sí ọ dípò kí n pè nìyẹn, fóònù ti lọ síbi iṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn ńkọ́? Mo kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n béèrè pé ta ni kí àwọn pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé dá a padà. Mo fi kún un pé lágbára Ọlọ́run, ó tún dá a padà. Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọjọ́ ìkẹyìn. Bí mi ò bá dé ọgọ́rin lọ́jọ́ náà, wọn yóò fi àyè mi fún ẹlòmíràn, ó di àmọ́dún. Mo gé irun mi kanlẹ̀. Mo gé èékánná. Mo yọ yẹtí, mo yọ òrùka, bàbá rẹ sì bi mí bóyá mo ti kọ òun ni. Mi ò fi omi kan ẹnu. Mo wọ kóòtù tí o rà fún mi, mo gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo gun ìwọ̀n. Méjìlélọ́gọ́rin.

Ọmọ mi, mo sunkún. Èmi àgbàlagbà, lójú gbogbo èrò, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mo ń sunkún, mo ń rò ó pé ó parí, mi ò ní fẹsẹ̀ wa máṣínì mọ́ láyé mi.

Ìyá arúgbó kan wà tó máa ń nu ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Òun nìkan ló dàgbà jù mí lọ nínú yàrá yẹn. Ó fi igi ìnulẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ṣàlàyé. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé bí mo ṣe máa ń gun ìwọ̀n nìyí, tèmi ti kóòtù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bọ́ ọ kíá, kí n yé da omi sílẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo wo nọ́ọ̀sì, ó dorí kodò. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, àmọ́ òun ò mọ bí òun ṣe máa ní kí ìyá tó rán aṣọ ilé ìwé òun bọ́ aṣọ, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń bi mí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ bóyá ooru ò mú mi. Òótọ́ ni, ó ń bi mí, mo sì máa ń dá a lóhùn pé rárá, kóòtù ọmọ mi kì í jẹ́ kí ooru mú ènìyàn. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ó dénú mi, ààbọ̀ ló wà. Wọ́n sì tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, èmi ni ọmọ tuntun.

Mo bọ́ ọ. Ohun tó wà lápò rẹ̀ nìkan tó ẹrù: sísọ́ọ̀sì ńlá, àgádágodo ṣọ́ọ̀bù àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, irin tí mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bí mo bá fẹ́ gé e. Mo gun ìwọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀! Nọ́ọ̀sì gbé kóòtù fúnra rẹ̀ lé e, ó jẹ́ kílò méjì àti ààbọ̀. Mo ti délé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mò ń kanlẹ̀kùn. Ariwo ayọ̀ sọ, alápatà fò sókè, ilẹ̀ mì. Ìyá arúgbó ní kí a dákẹ́, ó padà sídìí ilẹ̀ rẹ̀.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò bọ́ ọ látìgbà yìí. N ó sọ òtítọ́. Ọdún mẹ́rin nìyí tí o ti wálé kẹ́yìn. Bí mo bá wọ kóòtù yẹn, ẹni tó bá rí mi á bi mí pé ta ló rà á, n ó sì ní ọmọ mi ni. Ọjọ́ tí mi ò bá wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa rẹ. Mo lè yọ yẹtí, mo lè gé irun, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èyí tí mo fi ń gbé ọ kiri náà wúwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sí èyí, ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní a kì í wọ kóòtù wọ yàrá yẹn. Bàbá rẹ ní òun yóò bá mi dì í mú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, yóò fi ṣe ìrọ̀rí ni, yóò sùn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí bí ìyá bá kọ lẹ́tà tí kò tọrọ owó, ọmọ á rò pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Mo fẹ́ owó abẹ́rẹ́ àti bẹ́líìtì tuntun fún máṣínì, kí ó má jẹ́ pé orúnkún yóò jí tán, máṣínì yóò máa sùn. Mo fẹ́ owó bàtà fún akólẹ́tà, ìṣísẹ̀ mi ló jẹ́ kí tirẹ̀ gbó. Mo sì fẹ́ owó ọkọ̀. Owó ọkọ̀ yẹn, má fi ránṣẹ́ o. Mú un dání, fún awakọ̀, kí o jókòó sínú ọkọ̀ náà wálé.

Orúnkún rẹ kò ní yẹ̀. Ẹrù tó bá ju agbára rẹ lọ kò ní gun orí rẹ. Ohun tó bá ku díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tẹ̀, ọwọ́ rẹ yóò tẹ̀ ẹ́. Àmín.

Mo ti kọ nǹkan sí àyè tó ṣófo nínú fọ́ọ̀mù. Orúkọ rẹ ni. Akọ̀wé gbà á lọ́wọ́ mi, kò dá a padà mọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ o. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò pè, kí o ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí kóòtù wà lórí itan rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ,
kílò mọ́kàndínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀.