Bàbá Rẹ Ti Wọ Lífìtì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun, àbí iṣẹ́ ló ṣì ń jẹ ẹ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé eyín ti ń yọ? Ilé alájà méje tí ẹ̀ ń gbé yẹn kò ní gbàgbé ilẹ̀ tó dúró lé o. Ẹsẹ̀ lẹ ó máa fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò ní fi orí sọ̀. Àmín. Àwa náà wà níbí, ara ń le. Ewúrẹ́ mi bímọ, òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, àǹtí rẹ sì ti tún bá gbogbo ará ilé jà, nítorí náà o mọ̀ pé kò sí ohun tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló mú mi gbé bírò. Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú sí wọn. Nígbà tí o bímọ, wọ́n kó adìyẹ wá títí dé ìsàlẹ̀ ilé yín, wọn ò gòkè, wọ́n kó adìyẹ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé, wọ́n sì padà sílé. O ní wọn ò tíì dárí jì ọ́ pé o fẹ́ ẹni tó wù ọ́, láti ìgbà náà o ò pè wọ́n mọ́. Ọmọ mi, kì í ṣe ìbínú. Lífìtì ni. Orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́, ẹ̀rù lífìtì sì ń bà wọ́n bí ẹni tó rí òkú.

Má rẹ́rìn-ín, mo ti bá ọ rẹ́rìn-ín tán. Ọkùnrin tó ti ń gbẹ́ kànga láti kékeré, tó ń wọ inú ilẹ̀ lọ títí a ó fi máa wo orí rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, tí gbogbo ìlú ń pè ní Awọlẹ̀-má-bẹ̀rù, òun ni kò lè wọ àpótí tó ní iná àti dígí. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kànga, àwọn fúnra àwọn làwọn gbẹ́ ẹ, bí àwọn bá sì gbójú sókè àwọn á rí ojú ọ̀run. Àpótí yẹn, ta ló gbẹ́ ẹ? Ẹni tó ń fà á sókè ńkọ́, ibo ló dúró sí? Wọ́n ní bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ń padé báyìí, àyà àwọn á máa já, òógùn á bo àwọn bí ẹni pé ikú ti dé. Ojú ló tì wọ́n. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí o pè wọ́n ní òǹrorò ju kí o pè wọ́n ní ojo lọ.

Bí mo ṣe gbọ́ báyìí ni mo fà wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ múni sùn. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ojo, pé ẹni tó ń sá fún aláǹgbá wà, ẹni tó ń sá fún abẹ́rẹ́ wà, ẹni tí kò lè gun afárá náà wà. Ó ní ọpọlọ ló kọ́ ẹ̀rù náà níbì kan, tó wá dà bí ajá tó ń gbó ẹni tó ni ín. A ò ní pa ajá, a máa tún un kọ́ ni. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n tó bá ti mú wọn sùn tán, kó jọ̀ọ́ bá mi yọ híhanrun kúrò lára wọn, kó sì bi wọ́n ní ibi tí wọ́n gbé rédíò mi sí. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó wà nínú oorun náà ń gbọ́ gbogbo nǹkan, kò sì sẹ́ni tó lè mú un sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Mo ní kí wá ni àǹfààní rẹ̀?

Ó gbé fọ́ọ̀mù kan jáde pé kí wọ́n fún ẹ̀rù náà ní máàkì, láti oódo dé mẹ́wàá. Bàbá rẹ kọ mẹ́wàá. Orí mi wú, mo ní ẹni tí kò jókòó pẹ́ níléèwé gba gbogbo máàkì! Nígbà tá a padà lọ, méje ni. Mo mú un mọ́ra. Ìgbà tó tẹ̀ lé e, mẹ́rin! N ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo dìde, mo ní nọ́ọ̀sì, kí lọkùnrin yìí fi ṣe ọ́ tó o fi ń já a wálẹ̀? Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n jókòó, pé bó ṣe ń wálẹ̀ yẹn ni ara àwọn ń yá. Iléèwé wo nìyẹn, tí olóódo ti ń ṣe ipò kìíní?

Ohùn jẹ́jẹ́ ni nọ́ọ̀sì fi ń ṣe é. Á ní kí wọ́n pajú dé, kí wọ́n mí símú, kí wọ́n mí sóde, kí ara wọn dẹ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n wá máa fi ojú inú wo ara wọn níwájú lífìtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo sùn. Nígbà tí wọ́n jí mi, nọ́ọ̀sì ní èyí tèmi kì í ṣe ìwòsàn, oorun ọ̀lẹ ni. Ó tún fi ohùn rẹ̀ sínú fóònù wa, kí bàbá rẹ máa gbọ́ ọ nílé. Mo máa ń kí i káàárọ̀, kò dáhùn rí, ó kàn ń sọ pé kí n mí. Ọmọ náà ní ìgbéraga díẹ̀.

Ó ní kí wọ́n máa fi ibi tóóró dánra wò, ni wọ́n bá ń gbé fóònù wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, wọ́n á fa ilẹ̀kùn dé. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa wá gba àkàbà rẹ̀ tá a yá lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́yìnkùlé. Ó jókòó jẹ́jẹ́ ní pálọ̀, ó ṣàdéédéé gbọ́ ohùn obìnrin nínú kọ́bọ́ọ̀dù pé má bẹ̀rù, mo wà lọ́dọ̀ rẹ, ọkùnrin kan sì mí kanlẹ̀. Bàtà tó fi sílẹ̀ sá lọ ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nọ́ọ̀sì ní kí òun náà máa bọ̀ wá gba ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí n kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n nínú oorun náà pé nígbà tí lífìtì bá ṣí lókè, kí ni wọ́n rí? Wọ́n ní ọmọ mi ló dúró síbẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀. Omi ń bọ́ lójú wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jáde sí i bẹ́ẹ̀. Oorun kankan ò kùn mí lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ sí báńkì, torí ibẹ̀ nìkan ni lífìtì wà nílùú yìí. Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá rẹ wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ilẹ̀kùn padé. Bí ilẹ̀ ṣe mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èmi tí mo ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, mo ké pe ìyá mi tó ti kú. Bàbá rẹ ní mí símú, mí sóde, a ti dé. Ni wọn ò bá fẹ́ jáde mọ́! Wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n ń bá àwọn èèyàn tẹ bọ́tìnnì, wọ́n ń kí wọn káàbọ̀, títí ẹ̀ṣọ́ fi wá béèrè iye owó tí wọ́n ní ní báńkì. Wọ́n ní àwọn ò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀, lífìtì nìkan làwọn ń lò.

A ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì, kó o fi ti ẹ̀wù kún un, nítorí dígí inú lífìtì ti fi ẹ̀wù bàbá rẹ hàn wọ́n, ara ò sì rọ̀ wọ́n mọ́. Pè wọ́n ká tó gbéra. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rù náà ṣì lè yọjú, pé kò dà bí ìdọ̀tí tí èèyàn ń gbá dànù lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá lọ nígbà tá a wà nínú lífìtì yín, jẹ́ kí ọkọ rẹ lọ wá àwọn tó ń tún un ṣe. Ìwọ má lọ síbì kankan. Gbẹ́nu lé ojú ilẹ̀kùn náà, kó o máa bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Má sọ ọ̀rọ̀ ńlá, má bẹ̀bẹ̀, má sunkún. Ohun tí ọmọ jẹ láàárọ̀ ni kó o sọ fún wọn.

Ilẹ̀kùn tó bá tì mọ́ ọ láyé, ohùn ẹni tó fẹ́ ọ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Àmín.

Èmi ni,
ìyá rẹ.