Aṣọ Tí Sọ́ọ̀lù Ń Ṣọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Ilé Ràfí, ọmọ mi obìnrin, ni mo wà ní Dublin, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Huntstown. Òtútù ibí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Àwọn òyìnbó sì ń kọ́lé bí ikán. Ẹni tó bá dúró pẹ́ lójú kan, wọ́n á kọ́lé lé e lórí. Mo fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ò lè kú lẹ́ẹ̀kejì.

Gbénga, ọkọ Ràfí, ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n ìtara ìsìn rẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Nígbà Iléyá, mo gbé ẹran bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ó dúró síwájú fíríìjì bí ọlọ́pàá. "Dádì, ẹ má bínú, ẹran ẹbọ ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí." Ẹran tèmi! Ní ilé wa, bí a bá pa àgbò, ṣebí ti àwọn onígbàgbọ́ la kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀? Tó bá di Kérésì, ìrẹsì tiwọn náà á wọlé. Mo gbé ẹran náà fún aládùúgbò wa kan, ará Pakísítàn. Ràfí sunkún ní kíṣìnnì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń se ìkòkò méjì, ti ọkọ lọ́tọ̀, ti bàbá lọ́tọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé nítorí mi nilé ọmọ mi á ṣe tú. Mo ti ń di ẹrù mi díẹ̀díẹ̀ láti padà sí Nàìjíríà.

Ni ṣọ́ọ̀ṣì Gbénga bá fẹ́ ṣeré. Ilé ìkẹ́rù kan ní Ballycoolin ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Eré náà dá lórí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́, àti Sọ́ọ̀lù tó ń fìyà jẹ wọ́n, tó rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run lòun ń ṣe. Gbénga ni Sítéfánù, ẹni tí wọ́n sọ lókùúta pa. Gbogbo ìjọ ló fẹ́ jẹ́ ẹni mímọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Sọ́ọ̀lù. Ọmọ Ràfí tó ń jẹ́ Tèmi wá tọ́ka sí mi: "Grandad, you'd be grand!" Ó ní màá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Gbénga ní, "Dádì kì í ṣe ọmọ ìjọ."

Mo ní, "Ṣé Sọ́ọ̀lù jẹ́ ọmọ ìjọ ni?"

Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Bàbá, ta ni ìbá tún ṣe é bí kò ṣe ọmọ yín? Ẹ̀yin gan-an ni Sọ́ọ̀lù ìlú wa. Ẹ máa ń sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹ ó máa tayín: ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ lọ ṣèrìbọmi lódò, tí ẹ̀yin àtẹgbẹ́ yín kó aṣọ wọn sá lọ, tí wọ́n fi ewé kókò bora wálé. Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé orí bàbá arúgbó kan nínú wọn tí ẹ nà ní pàṣán, tó ń ṣàdúrà fún yín bí ẹ ṣe ń nà án, ẹ ó ju ìtayín nù. Ilé rẹ̀ ni ẹran Iléyá wa kọ́kọ́ ń lọ, títí ó fi kú. Ṣé ẹ ti rí i lọ́hùn-ún? Ṣé ẹ kí i? Ṣé ó dá yín lóhùn?

Ọjọ́ eré pé. Iṣẹ́ Sọ́ọ̀lù ni kó ṣọ́ aṣọ àwọn tó ń sọ òkúta. Bàbá, ọ̀rọ̀ aṣọ náà ni! Wọ́n di kòótù òtútù lé mi lọ́wọ́ títí n ò fi ríran. Ìbọ̀sẹ̀ tí a ká ni òkúta. Àwọn ọmọ tí Gbénga ń fipá kọ́ ní àkọ́sórí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ń pariwo, "Imú! Ẹ dojú sọ imú!" Ràfí fọwọ́ bo ẹnu.

Sítéfánù kú. Ó kan èmi láti ṣubú lójú ọ̀nà Dámásíkù. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run, mo ṣubú tòun tẹrù kòótù. Ó yẹ kí n dìde. N ò dìde. Mo dijú, mo dákẹ́. Àfi bí Sítéfánù ṣe jíǹde, tó sáré wá gbé orí mi lé itan. "Dádì! Dádì mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú!"

Mo la ojú kan. Mo sọ ọ́ sí i létí: "Ṣé ẹran mi ti lè wọlé?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé á gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín ló bú sí, omijé sì ń ṣàn. Àwọn ìyá ìjọ ń ké halelúyà. Wọ́n rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn.

Ní Jímọ̀, Gbénga fúnra rẹ̀ ló fọkọ̀ gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní òun ò ní wọlé o. Mo ní, ta ló pè ọ́? Mo gbàgbé kòótù mi sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo kírun tán, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà nínú òjò wínníwínní, ó gbá kòótù mi mọ́ àyà kó má baà tutù.

Ìkòkò kan ni Ràfí ń sè báyìí. Mo ti tú ẹrù mi.

Bí ẹ bá rí bàbá arúgbó yẹn, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i fún mi. Ẹ sọ fún un pé àdúrà tó gbà lábẹ́ pàṣán yín ti dé Dublin.

Èmi ni, ọmọ yín tí ń yọ yín lẹ́nu dé inú sàréè, tó sì fẹ́ràn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.