Kí Ló Ń Tan Ìkùukùu Yẹn?

Ìsánlú,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1988.

Bámiṣayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ tíṣà ń lọ déédéé, ṣé omi ẹ̀rọ ti ń yọ ní Jabi? Àwa wà láàyè, ilé kàn dákẹ́ láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ ni. Ewúrẹ́ bí méjì, mo sì ti gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé.

Jàbárù tó ń fi lọ́rì kó iṣu lọ sí Abuja ló mú lẹ́tà rẹ dé, pẹ̀lú fótò inú rẹ̀. O ní àárín agbo ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré ni, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tàn bí ìkùukùu tí iná wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn lórí ohun tó ń tàn án. O ní àwọn kan sọ pé ìràwọ̀ tuntun tó gbóná ni, àwọn mìíràn ní ohun dúdú kan ló jókòó láàárín, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí, tó ń gbé gbogbo nǹkan mì, pé ohun tó bá fẹ́ gbé mì á kọ́kọ́ gbóná, á tàn, kó tó wọlé.

Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í la ọ̀rọ̀ burúkú mọ́ àgbà lórí, ńṣe là ń fi ewé dì í bí ẹ̀kọ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, wọ́n ní wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tó tóbi jù ni, mo sì se ọbẹ̀ dè é. Nítorí náà mo yọ fótò inú àyà bàbá rẹ tí dókítà fi ẹ̀rọ yà fún wa, mo gbé e pẹ̀lú tìrẹ sójú fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Ìkùukùu kan náà ni. Ibì kan náà ló jókòó sí. Tìrẹ tilẹ̀ funfun jù.

Mo bi Jàbárù pé ṣé àyà rẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kai, Màmá, ìràwọ̀ ni, Bámiṣayọ̀ jẹ ẹ̀bà tán níṣojú òun, ó tún béèrè òmíràn. Ẹni tó sọ ti ọsibítù ńlá fún mi náà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Títàn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ lò kẹ́yìn, ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ ń dán, gbogbo ilé ní ó ti ń gbádùn, a sì lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A kò mọ̀ pé ohun kan ti ń fà á wọlé.

Jọ̀wọ́, lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, kí ó ya ojú rẹ lọ́sàn-án, má fi pọ́dà sí i. Fi ránṣẹ́, kí n wò ó bóyá ó ń dán. Fi owó ọkọ̀ mọ́ ọn, nítorí bó bá ń dán, n ó wá. Bó bá sì jẹ́ ìràwọ̀ lóòótọ́, kọ ọ́ pé ìràwọ̀ ni, má ṣàlàyé.

Ìwọ náà mọ̀ pé àdúrà mi lójoojúmọ́ ni pé kí ìràwọ̀ rẹ máa tàn. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí fótò yìí dé, n kò lè gbà á mọ́. Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún mi, ọmọ mi, bí o kò tilẹ̀ tàn rárá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ̀yìntọlá.