Omi Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Màdáàmù tó ń kọ́ wa nípa oògùn nílé ìwé mọ̀ ọ́n kọ́, àfi bíi pé kí n dà bíi wọn. Lónìí wọ́n bi wá léèrè ìdí tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń lo oògùn lójoojúmọ́. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń kó oògùn kúrò lára, ẹ̀jẹ̀ á tún máa ru. "Ẹ̀yin ọmọ etí ọ̀sà, tí ọkọ̀ bá ń jò, ṣé ẹ máa ń dáwọ́ omi gbígbọ́n dúró torí pé inú rẹ̀ gbẹ? Ihò ṣì wà níbẹ̀!"

Bàbá mi ni mo rò. Wọ́n ti pa oògùn tiwọn tì, wọ́n ní ara àwọn ti yá. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kí n lọ dáná.

Nírọ̀lẹ́, mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn fún wọn níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n kàn ń bá àwọ̀n wọn lọ. Inú bí mi, mo wọlé.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni wọ́n pè mí: "Bá mi mú igbá tí mo fi ń gbọ́n omi wá."

Mo ti ń lọ sídìí ọkọ̀ kí wọ́n tó nàka sí orí fìríìjì, níbi tí oògùn wọn wà.